Ẹsẹ̀ Wíwọ́ tí Baba Gúnrégé Tún Ṣe

Ẹni tó bá ń wá káfíńtà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, kó lọ bá Baba Gúnrégé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kan àga, ẹsẹ̀ àga tó wọ́ kò sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ríran, àmọ́ tó bá ti fọwọ́ pa igi báyìí, ó ti mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá àgbà rẹ̀.

Nígbà tí ọlidé kù díẹ̀, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọ náà wá bẹ baba pé kó gbẹ́ ogójì igi kéékèèké tí ọmọ máa fi kàwé nílé. Ó ní ọ̀rá kan wà tó ń jẹ́ fosifolípíìdì, òun ló para pọ̀ di awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ó ní orí kan, ẹsẹ̀ méjì. Orí fẹ́ràn omi, ẹsẹ̀ ń sá fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò ní ìlà méjì, ẹsẹ̀ kọjú síra wọn nínú, orí wà níta. Ó ya àwòrán bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí sílẹ̀: ẹsẹ̀ kan tọ́, èkejì wọ́ láàárín.

Olùkọ́ ò tíì rìn jìnnà tí baba fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ olùkọ́ ọmọdé yìí ló gbọ̀n tó fi ya ẹsẹ̀ kan wọ́. Àgbà kì í sáà wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ ló gbẹ́ tó tọ́ ṣánṣán, ó kó wọn fọ́mọ.

Ìdánwò dé, èyí tí wọ́n máa fi yan àwọn tó máa wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ọmọ fìdí rẹmi. Kò tilẹ̀ sunkún.

Ó ní, “Olùkọ́ ní ẹsẹ̀ kan wọ́. Mo sọ fún un lójú gbogbo kíláàsì pé irọ́ ló ń pa, pé bàbá àgbà mi ló gbẹ́ ẹ.”

Ojú ti baba gidigidi. Ó gba ilé ìwé lọ. Olùkọ́ ṣàlàyé fún un pé bí gbogbo ẹsẹ̀ bá tọ́, wọ́n á fún mọ́ra, awọ náà á le gbagidi bí ọ̀rá tó dì. Ẹsẹ̀ wíwọ́ yẹn ló ń fàyè sílẹ̀ tí awọ fi ń rọ̀. Ó gbà kí ọmọ tún ìdánwò ṣe, tí ọmọ bá lè gbà pé òun ló ṣì í.

Ọjọ́ kejì, baba gbé igi tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́ wọ kíláàsì, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́.

“Olùkọ́ ò purọ́. Èmi ni mo tún ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́ ṣe kó lè tọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni.”

Ìka ọmọ pẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ náà ti wọ́. Ó dìde láti lọ bẹ olùkọ́. Baba na ọwọ́ kó mú un lọ, bó ṣe máa ń ṣe.

Ọmọ yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kí n dá lọ.”