Àwòrán Eku Kẹrin

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló yẹ iṣẹ́ ìwádìí mi wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde lókè òkun. Obìnrin tí kò kàwé rí, àfi Kùránì díẹ̀ tó mọ̀ sórí, ló rí àṣìṣe inú rẹ̀ ní Ìtòkú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún aró.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Gbogbo wa ń pè é ní Àlàájà. Ọdún tí àwọn sójà tún gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni, mo ti yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wá kí i, mo sì gbé ìwé tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sí dání. Kí n má purọ́, mo fẹ́ ṣekárími ni.

"Dókítà tí kì í gún abẹ́rẹ́, ẹ káàbọ̀ o!" Bó bá ti fi "ẹ" kí mi báyẹn, yẹ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Kí lo gbé mọ́yà bí ọmọ tuntun yìí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, Àlàájà. Lórí àrùn jẹjẹrẹ."

"O ti rí oògùn ẹ̀?"

"Ti eku la ṣì ń bá yí, mà."

"Eku! Gbogbo owó ilé ìwé yẹn, eku lo ń wò sàn!"

Mo ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Inú ara wa ló ti ń hù, ìdí nìyẹn tí àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá àrùn jà, fi ń kà á sí ọmọ ilé, tí wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Èmi wá ń pa díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ eku, mo ń fi abẹ́rẹ́ gún òkú rẹ̀ padà sí eku lára, kí àwọn sójà lè mọ ojú ọ̀tá.

"Sójà? A ò tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ti ìta, o tún kó wọn wọnú ẹ̀jẹ̀?"

Mo ṣí ojú ewé tí àwòrán mẹ́rin wà, ọ̀kan fún eku kọ̀ọ̀kan. Àwọn sójà náà hàn ní tó-tò-tó dúdú, wọ́n yí jẹjẹrẹ ká. Ó wò ó títí, ó wá dorí ìwé náà kodò. Ẹ̀rín pa mí.

"Dákẹ́. Èyí àti èyí," ó fi ìka kan ìkejì, ó fi kan ìkẹrin, "páànù kan náà ni. Wọ́n kàn dorí ẹ̀ kodò."

Nínú iṣẹ́ àdìrẹ tí Àlàájà ń ṣe, páànù tí wọ́n gé àwòrán sí ni wọ́n ń gbé lé aṣọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ pa á, kí aró má baà mu ún níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá ya ọ̀lẹ kì í dìde lọ mú páànù mìíràn. Yóò dorí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kodò, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ tí Àlàájà ti ń mú irú wọn.

Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Èmi fúnra mi ni mo lẹ àwọn àwòrán yẹn mọ́ páálí, mo sì lẹ eku kejì lẹ́ẹ̀mejì. Ti eku kẹrin gan-an wà nínú tábìlì mi níbi iṣẹ́. Àwọn sójà dé ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Ta ló máa gbà pé n ò mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́? Oṣù tó ń bọ̀ ni mo sì máa jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ yìí nìkan ni orúkọ mi sì ṣáájú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó rí i, Àlàájà."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

Mo pa ìwé náà dé.

"Tí mo bá ta aṣọ tí iṣẹ́ ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, mo máa ń sáré lọ bá oníbàárà kó tó gbé e fún télọ̀. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kàn án, ẹjọ́ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ta ló fẹ́ gé tìẹ?"

Mo ní àwọn olùwádìí mìíràn ni, tí wọ́n á gbé tiwọn lé e, bóyá títí yóò fi dé ara èèyàn.

"Èèyàn? O wá jókòó?"

Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, mo ti kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jù ú sínú àpótí pupa tó wà níwájú pósófíìsì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ tó balẹ̀ ni mo rántí àwọn tí n óò jókòó níwájú wọn. Mo bá ki ọwọ́ bọ ẹnu àpótí láti fà á padà. Ọwọ́ mi wọlé. Kò jáde mọ́. Èrò pé.

"Olè lẹ́tà rè é o!"

"Ẹ wo táì lọ́rùn ẹ̀!"

Akọ̀wé pósófíìsì mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó ṣí àpótí, ó ti ọwọ́ mi jáde láti inú, ó sì gbé lẹ́tà náà sókè.

"Tiyín nìyí, sà? Ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

"Rárá o," ni mo wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dé ìsàlẹ̀ ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó gbé e wọlé, mo sì gbọ́ tí òǹtẹ̀ dún gbàgà lórí rẹ̀.