Gbólóhùn Tí Ìyá Àlàyé Yọ

Ìyá Àlàyé ni a máa ń pè é níbi iṣẹ́ wa. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọkọ rẹ̀ bá béèrè oúnjẹ, á kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkòkò fún un.

Ẹ̀rọ tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun là ń ṣe. Òun ló ń kọ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló ń to àwọn ojú ìwé náà. Kí ìwé kan tó jáde, àwọn méjèèjì á dán an wò: Ìyá Àlàyé á máa kà á sókè, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n á wà lára ẹ̀rọ. Ohun tó bá gbọ́ nìkan ló máa ṣe. Á tiẹ̀ dijú, kí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ má bàa ràn án lọ́wọ́.

Ni ọ̀gá bá gbé sọ́fítíwíà tuntun dé, ó ní kí Ìyá Àlàyé yẹ̀ ẹ́ wò. Téèyàn bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i, fúnra rẹ̀ ló ń to ojú ìwé, tó ń fi àwòrán sáyè rẹ̀.

"Tó bá dára, a ò nílò ẹni tó ń to ojú ìwé mọ́," ọ̀gá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ojú kì í ti ọ̀gá wa.

Sọ́fítíwíà náà dára, ohun tó ń ba Ìyá Àlàyé nínú jẹ́ gan-an nìyẹn. Ó wá àṣìṣe rẹ̀ títí, kò rí. Ta ló máa gba Ẹ̀gbọ́n síṣẹ́ pẹ̀lú irú ọjọ́ orí yẹn?

Ó bá dọ́gbọ́n kan, ọgbọ́n burúkú. Kí wọ́n tó dán ìwé tí sọ́fítíwíà náà tò wò lójú ọ̀gá, ó yọ gbólóhùn kan kúrò nínú rẹ̀: "Ẹ pa iná ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí ìdérí." Ó fẹ́ kí wọ́n rò pé sọ́fítíwíà ló gbé e mì. Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́kàn débi pé kò rántí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ máa yí," ó kà á. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣí ìdérí. Ẹ fọwọ́ kó ìyẹ̀fun jáde."

Ẹ̀gbọ́n dijú, ó ṣí ìdérí, ó nawọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Ẹ yọwọ́!" Ìyá Àlàyé kígbe.

Ẹ̀gbọ́n fa apá rẹ̀ sẹ́yìn. Irin tó ń yí ti fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ya.

Ọ̀gá pariwo: "Ṣé sọ́fítíwíà ló gbàgbé ìkìlọ̀ ni?"

Ìyá Àlàyé gbé ìwé náà sílẹ̀. "Rárá, sà. Èmi ni mo yọ ọ́. Sọ́fítíwíà náà ò ní àbùkù kankan."

Ọ̀gá fìbínú jáde, ó ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé sọ́fítíwíà náà dára.

"Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é, Ẹ̀gbọ́n," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. Kò wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ká ní ẹlòmíì ló ń kà á ni, mi ò ní dijú."