Ìyàwó Tó Ń Kọrin Tí Kò Lè Kí Èèyàn

Mo ṣì kéré nígbà náà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, nígbà tí ìyàwó kékeré ilé kejì sí tiwa ní Ifisin ṣubú lẹ́bàá ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tó máa dìde, apá ọ̀tún ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀n, ẹ̀n" nìkan ló kù.

Ẹ wò ó, àná ọjọ́ náà ni òun àti ìyálé rẹ̀ jà nítorí ekùrọ́. Nígbà tí kò wá kí ìyálé mọ́ láàárọ̀, ìyálé ní ó ń bá òun yodì ni, òun náà sì dákẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ẹbí ọkọ ní kí wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní ìlú Orin.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un lọ, a ń fi ẹsẹ̀ tẹ eyìn nínú kòtò epo, ìyálé àti màmá mi, èmi náà wà níbẹ̀, epo mù mí dé orúnkún. Ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, tòun ti ẹrù rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wa lè máa lọ déédéé, màmá mi dá orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Ìyàwó ni! Ó ń kọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, kò fo ọ̀kan.

Gbogbo wa dúró. Ìyálé ní, "Ìwọ yìí, o lẹ́nu láti kọrin, o ò lẹ́nu láti kí mi?"

Ó la ẹnu láti fèsì. "Ẹ̀n, ẹ̀n" náà ló jáde, omijé tẹ̀lé e.

Bí ìyálé ṣe gòkè kúrò nínú kòtò nìyẹn, epo ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹrù náà padà sínú yàrá. "Kì í ṣe yodì," ló ń wí. "Ọ̀rọ̀ ló há sí i lọ́fun. Kò níí lọ síbì kankan. Ulé rẹ̀ nìyí, ilé ọkọ rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, orin ló fi ń jí i láràárọ̀, ìyàwó á sì gbè é.

Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ ni kò lọ dáadáa nínú ọpọlọ, pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé níbẹ̀ lè bàjẹ́ kí orin ṣì kù. Àgbà mi yìí, mo dìde jó.

Ayé ti yí padà. Lónìí, bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, ọsibítù lẹ ń sáré gbé e lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó bá jà lánàá. Inú mi dùn sí i. Ìyálé ni mo ṣáà ń rántí. Oṣù mẹ́ta tó fi dákẹ́ sí ìyàwó yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi kú.