Ìyá Mi Kò Bá Ọkọ̀ Náà Padà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòròdú, kò sí ohun tó wù mí bíi kí n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn òbí mi kì í ṣe ará etí omi. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá rẹ́ǹtì ilé síbẹ̀, bàbá mi sì ń ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Òun ló dá a lábàá, nígbà ọdún Àjíǹde kan, pé kí àwa ará àdúgbò háyà ọkọ̀, ká fi wo àwọn ìlú etí ọ̀sà títí dé Ẹ̀pẹ́, ká jẹ ẹja, ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú.

Láti Ìbèṣè la ti gbéra. Oòrùn mú, ọ̀sà sì dákẹ́, ó ń dán bíi páànù tuntun. Ìlú tí a bá dé, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó ra nǹkan díẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ a sì máa juwọ́ sí wa. Inú mi dùn débi pé n kò tètè wo ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí báàgì. Ni mo bá wo ilẹ̀ ọkọ̀, mo rí i pé omi ti ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi ike gbọ́n ọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ní Ẹ̀jìnrìn, wọ́n tún gba àwọn èrò mìíràn wọlé tẹrùtẹrù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Ní Ẹ̀pẹ́, a jẹ ẹja ní àjẹyó. Nígbà tí wọ́n pè wá pé ó yá, ìyá mi kò dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, èmi àtàwọn ọmọ á wọ mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

“Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Èmi ni mo kó wọn wá. Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí?”

Àǹtí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó máa ń dirun fún mi, bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí eléyìí bá mi lọ.”

Ó ti nawọ́ sí mi. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú débi pé ó dùn mí. Bàbá mi àti àǹtí náà bá ọkọ̀ padà; èmi sunkún títí a fi wọ mọ́tò.

Ìmọ́tà la ti pàdé ìjì. Eruku bo ọ̀nà, ojú ọ̀run ṣú. Ìyá mi ń yọrí lójú fèrèsé ṣáá, bẹ́ẹ̀ èèyàn ò lè rí ọ̀sà láti ibẹ̀.

A délé, ó dáná, kò sẹ́ni tó jẹun. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ la gbọ́ pé ọkọ̀ ti dojú dé, pé àwọn apẹja ló wọnú òjò lọ fa èèyàn yọ. Kò pẹ́ ni bàbá mi wọlé láìwọ bàtà, aṣọ ẹlòmíràn ló ró mọ́ra. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà àǹtí náà, tí wọn ò rí fà yọ, ló lọ, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dáhùn.

Ìyá mi ló lọ dì í mú wọlé. Kò sọ pé “ṣebí mo wí fún yín.” Kò sì sọ ọ́ rí títí dòní.

Ayé ti yí padà. Ọkọ̀ tiyín ní ìbòrí, ó ní orin, wọ́n sì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì fún yín kẹ́ ẹ má bàa rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ń bọ́ ọ torí fọ́tò. N kò ní kẹ́ ẹ má lọ. Mo ń sìn yín dé etí omi, n óò sì máa dúró níbẹ̀ nìṣó, kódà lẹ́yìn tí n kò bá rí ọkọ̀ yín mọ́.