Aṣọ Àjà Ọkọ̀ Anti Hánà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Kanifing. Bí mo ti jókòó tí mò ń dúró, atẹ́gùn gbé òórùn gọ́ọ̀mù wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì, irú gọ́ọ̀mù tó ń ta nímú tí oòrùn bá ti pa á díẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tú ẹ́ńjìnnì mi bẹ̀ mí pé kí n má bínú, àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ló fa òórùn náà. Kò mọ̀ pé mi ò tilẹ̀ sí ní Kanifing mọ́. Mo ti padà sí Soldier Town, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi nínú Banjul, nígbà tí ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ orúkọ Bathurst sílẹ̀, mo sì ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì tó yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ pupa kan.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé nígbà náà, òkúta nísàlẹ̀, pákó lókè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń ké bí ológbò bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Àwa la wà nísàlẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Ìyá mi ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Onílé wa, Anti Hánà, ló wà lókè. Obìnrin Aku ni, ìran àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lóko ẹrú láyé àtijọ́ tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etíkun yìí, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ó ga, ó tínínrín, bàtà onílẹ́ẹ̀sì bíi ti ọkùnrin ló sì máa ń wọ̀. Bó bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn bàbá onírungbọ̀n á fi sìgá pamọ́ sẹ́yìn, nítorí òun ló kọ́kọ́ gbá ọ̀pọ̀ nínú wọn nídìí.

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú jẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi. Òun ló gbé ọkọ̀ pupa náà bọ̀ láti ìlú òyìnbó, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, onílẹ̀kùn méjì, tó lúgọ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú ràbàtà méjì níwájú. Àkèré làwa ọmọdé ń pè é. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú ló ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Òjò ráyè wọ inú rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi bo àjà rẹ̀ nínú sì jẹrà, ó já, ó ń fì dirodiro.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Freetown pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, òun yóò wá gbé ọkọ̀ náà lọ tà, nítorí kò sí ohun tí opó fẹ́ fi ṣe. Anti Hánà lọ bá awakọ̀ takisí kan pé kó kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà.

Ẹ̀rín pa àdúgbò, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì jí ẹ́ńjìnnì dìde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde, atẹ́gùn fẹ́ wọnú rẹ̀, aṣọ àjà wú bí ìgbòkun, ó sì bò ó lójú. Díẹ̀ ló kù kó wọ gọ́tà, òun àti ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ sọ fún un pé ti àga ni àwọn mọ̀, kó gbé ti àjà lọ sí Dakar.

Ìyá mi gbọ́ èyí tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà.

"Anti, ṣé aṣọ ni àbí kì í ṣe aṣọ?"

"Aṣọ ni."

"Bó bá jẹ́ aṣọ, a jọ mọra."

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ń fi ara rẹ̀ pamọ́. Bàbá mi mi orí, síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí ará ìlú wa kan ní Dakar, wọ́n sì fi aṣọ kan ránṣẹ́, ó funfun bíi wàrà, ó nípọn, ó sì rọ̀. Irú rẹ̀ kò tún sí mọ́ lọ́wọ́ ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ẹ ò lè rí i mọ́. Wọn kì í kàn lẹ aṣọ mọ́ òrùlé ọkọ̀. Àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, tó tẹ̀ bí ọrun, ló gbé e ró. Wọ́n á rán ihò gbọọrọ sẹ́yìn aṣọ, bí ibi tí okùn ṣòkòtò ń gbà, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan á sì gba inú tirẹ̀. Etí aṣọ nìkan ni gọ́ọ̀mù ń kàn. Ìyá mi tú aṣọ àtijọ́ náà lójú rírán, ó tẹ́ ẹ sórí tuntun, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, ó gé e, ó rán an. Ìránṣọ rẹ̀ gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ìgbà tó dé inú ọkọ̀ ni wàhálà dé. Ó lẹ iwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Bó ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń hunjọ bí iwájú orí arúgbó. Ó fà á sí i, ojú rírán kan bẹ̀rẹ̀ sí í là. Òógùn bò ó, gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún. N kò tíì rí i kó sunkún rí.

"Mo ti ba aṣọ náà jẹ́. Ará Freetown yẹn á wá gbé ọkọ̀ Anti lọ."

Anti Hánà sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Lẹf am," ló wí, pé kó fi sílẹ̀, kó má fà á mọ́. "Ọmọ tó bá fi ìdí wá, ṣé a máa ń fà á ni? Àárín ikùn ìyá la ó gbọ́wọ́ lé, a ó rọra darí rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, títí yóò fi rí ọ̀nà."

Ìyá mi gbé ojú sókè. "Àárín," ló wí, "àárín ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀."

Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ tán. Wọ́n jọ bó iwájú náà díẹ̀díẹ̀, ìyá mi fi abẹ́rẹ́ dí ojú tó fẹ́ là. Ó lọ kírun ọ̀sán, ó padà. Anti Hánà bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sórí àga ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá àárín dúró. Ìyá mi fa ọ̀tún díẹ̀, ó fa òsì díẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ti ọkọ̀ náà sínú oòrùn, kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ, kí aṣọ sì fà le. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, ó ti tẹ́jú bí omi inú àwo.

Nígbà tí àbúrò ọkọ dé, Anti Hánà fúnra rẹ̀ ló lọ gbé e ní èbúté. Bàbá náà ṣí fìlà kó lè wọlé, ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ ra aṣọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi àti aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé mi."

Títí ó fi padà sí Freetown, kò tún dárúkọ títà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Anti Hánà sì gbé e dé Kombo, ó gbé e bọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìrọbí mú ìyá mi lójijì ní ojú iṣẹ́. Anti Hánà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú Àkèré, ó ń fun fèrè, ó ń fi èdè Aku pàṣẹ fún un bó ṣe máa mí. Wọn ò dé ibẹ̀ tí wọ́n fi bí àbúrò mi ọkùnrin. Lábẹ́ aṣọ funfun yẹn ló ti kọ́kọ́ ké. Ìyá mi máa ń sọ pé nínú gbogbo ìrora òun, òun ṣáà ń wá ibi tí aṣọ náà ti hunjọ, òun kò rí i.

Ìyá mi àti Anti Hánà ti lọ báyìí. Ọkọ̀ òde òní, ilé iṣẹ́ ni àjà rẹ̀ ti ń wá, odindi; bó bá jábọ́, wọ́n á gbé e jù nù. Ọ̀pọ̀ ilé pákó Soldier Town ti wó, àwọn ọmọ onílé ti kó lọ sí Kombo tàbí sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n bí àwọn Aku bá rí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ṣì máa ń kí i pé, "Kushe o." Ọ̀rọ̀ tiwa ni, "Kú iṣẹ́", ó ti la òkun kọjá tipẹ́ kí bàbá mi tó gbé abọ́ tánganran rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wí i kò mọ ibi tó ti wá. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé èèyàn kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó dákẹ́ kọjá.