Epo Tí Mo Fi Pa Ìjánu Lẹ́nu Mọ́

Epo pupa tó jóná lára irin, òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi, nítorí èmi fúnra mi ni mo sun ún. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Ọkọ̀ mi ń ké lẹ́sẹ̀ iwájú bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dè, ojú sì ń tì mí láti wọ àárín ìlú Àjàṣẹ́. Mo rántí pé epo pupa ni ìyá mi máa ń fi sí àgbékọ́ ilẹ̀kùn tó bá ń han. Epo kúkú ni ẹ̀rọ̀. Kí n tó wọ ìlú, mo ra ìgò epo kan ní Akpro-Missérété, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo dà á sí gbogbo ibi tí ọwọ́ mi dé. Ariwo dákẹ́. Mo ń yangàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí.

Níwájú ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ọlọ́kadà kan dúró lójijì níwájú mi. Mo fi gbogbo ara tẹ ìjánu, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ bí ẹja àrọ̀. Mo gbá a láti ẹ̀yìn. Ọ̀kadà wó sábẹ́ ọkọ̀ mi, irin ń fọ́, ọkùnrin náà fò, ó fi èjìká gbá títì, ẹ̀jẹ̀ bò ó lápá.

Kí n tó mí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bò mí. Wọ́n fi akoto fọ́ gíláàsì, ọwọ́ kan di kọ́là mi mú, ó fà mí gba ojú fèrèsé jáde. Ìgbátí àkọ́kọ́ là mí létè. Èkejì, n kò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n ń tàpá sí mi níhà. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹni tí kò tíì lù mí gan-an ni mo ń bẹ̀. Ẹnìkan ti gbé ìgò bẹntiróòlù dé lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, ó ń tú u sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ dáná sun ún! Kò tẹ ìjánu rárá!”

Mẹkáníìkì àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ lódìkejì títì kàn wá fìdí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. “Ẹ sun èmi náà, kẹ́ ẹ wá ẹni tí yóò máa tún ọ̀kadà yín ṣe.” Ó yíjú sí mi. “Ṣé ọkọ̀ yìí ti ń ké tẹ́lẹ̀?”

“Ó ń ké.”

“Tó bá ń yí ni, àbí tó o bá tẹ ìjánu?”

“Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ni.”

Ó tú táyà. Epo ń kán. Ó yọ irin tín-ín-rín kan hàn wọ́n: “Ìjánu ti jẹ tán. Èyí ni wọ́n fi síbẹ̀ kó máa kígbe tó bá ti fẹ́ẹ́ tán. Ta ló da epo sí i?”

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì tòun tẹ̀jẹ̀. “Èmi ni. Ariwo rẹ̀ ń dójú tì mí.”

“Ó ń kígbe kó o má pa èèyàn, ìwọ wá fún un lọ́rùn!”

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ké, mo ń dúró gbọ́. Bí ìyàwó mi bá ké, mo tún ń gbọ́. Ẹni tí ohun tó ń kìlọ̀ fún un bá ń dójú tì, ojú yóò tún tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí mo gbá gan-an ló parí ẹjọ́. Ó fi ọwọ́ kan gbá apá rẹ̀ mú, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní:

“Ẹ gbé bẹntiróòlù yẹn kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí. Apààyàn ì bá ti purọ́. Òmùgọ̀ lèyí, a kì í dáná sun òmùgọ̀.”