Onídìrí Mi Ń Fi Irun Mi Ta Ọfà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi wò ó, ṣé orí mi ṣì wà lọ́rùn?

Mo lọ dirun ní Ìkọ̀tún lónìí, torí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá wò mí láago mẹ́rin. Ìyá Sikira onídìrí fi orúnkún méjèèjì há mi mọ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣùkú, wọ́n sì tan tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun wọn.

Àwọn obìnrin ló ń díje ọfà títa níbi eré ìdárayá àgbáyé.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fa okùn ọrun báyìí, Ìyá Sikira náà á fa irun mi. Tí ọfà ò bá tíì kúrò, wọn ò ní í fi mí sílẹ̀!

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń dùn mí o!"

"Dákẹ́ jàre! Ṣé o fẹ́ kó tàsé ni?"

Ǹ bá sá, àmọ́ wọn ò tíì dì ju ìdajì orí lọ. Ta ló ń gbé ìdajì ṣùkú pàdé ìyá ọkọ?

Nígbà tí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ò bá mi nílé, wọ́n wá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ìgbàlà dé.

Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fa àga: "Ìyá Sikira, ẹ dì í mú dáadáa o! Ọfà kan ló kù."

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n ṣì fẹ́ ọmọ wọn?